Ìròyìn Búrẹ́dì Láti Ilẹ̀ Tùnísíà

Iṣẹ́ rédíò títúnṣe ni mo fi jẹun ní Parakou fún ohun tó lé ní ogún ọdún. Ṣábẹ̀ ni wọ́n bí mi sí. Nígbà tí mo kọ́ṣẹ́ tán ní Kútọnu, mo wọ ọkọ̀ ojú irin títí dé ibi tí irin parí sí, mo sì gba ìsọ̀ kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Arzèkè, níwájú ìsọ̀ Bàbá Alájì tó ń ta aṣọ. Àwọn baba Alájì ti wà ní Parakou kí òyìnbó tó la irin dé ibẹ̀. Yorùbá rẹ̀ ní ohùn Dendi, èdè ọjà ibẹ̀, nínú, Dendi rẹ̀ sì ní ohùn Ìlọrin nínú. Òun ló kọ́kọ́ gbé rédíò wá fún mi ní ọjà náà, òun náà ló sì ń sọ fún àwọn oníbàárà rẹ̀ pé ọwọ́ mi dára.

Ọmọ Kétu ni ìyàwó mi, aṣọ ló ń rán. Àdúgbò Banikanni ni a ń gbé. Ní ọdún tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, ó ti pẹ́ tí ìjọba ológun wa ti kéde pé ti òṣìṣẹ́ àti àgbẹ̀ lòun. Níbi ìpàdé, kamarádì ni à ń pe ara wa. Àdúgbò kọ̀ọ̀kan ní délégé, ìyẹn ẹni tí ìjọba fi sípò láti máa bójú tó wa. Délégé tiwa kì í ṣe ènìyàn burúkú. Olùkọ́ ilé ìwé kékeré ni tẹ́lẹ̀. Ó fẹ́ràn kí nǹkan máa lọ létòlétò, ó sì ń bẹ̀rù àwọn tó wà lókè rẹ̀ ju bí àwa ṣe ń bẹ̀rù òun lọ.

Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ilé ìwé ni obìnrin náà dé. Tùnísíà ni ó ti wá láti wá kọ́ àwọn ọmọ lísè, ilé ìwé girama ìjọba, ní ìṣirò, nítorí kò sí olùkọ́ ìṣirò tó tó ní àríwá nígbà náà. Kò ì tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Ilé tó dojú kọ tiwa ni ìjọba fi í sí, Màdámù sì ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ìyàwó mi kò fẹ́ràn rẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́. Ó ní irú obìnrin wo ló ń dá gbé, tí kì í jókòó síta gba atẹ́gùn, tó jẹ́ pé bó bá ń jẹun pàápàá ìwé ló ń wò. Èmi náà kò ní ohun tí mo lè sọ nípa rẹ̀, àfi ohun tí àwọn ọmọ lísè ń sọ kiri: pé kì í na ènìyàn, pé bí kò bá yé ọmọ kan ṣoṣo nínú kíláàsì, yóò nu pátákó mọ́ tónítóní, yóò sì bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú ohùn kan náà, bí ẹni pé kò tíì sọ ọ́ rí.

Ìgbà ọyẹ́ ló gbé rédíò rẹ̀ wá fún mi. Rédíò ńlá ayé àtijọ́ ni, baba rẹ̀ ló fi sílẹ̀ fún un kó tó kú. Eruku ọyẹ́ ti kún inú rẹ̀, wáyà méjì sì ti já. Mo fi búrọ́ṣì gbọn eruku náà, mo yọ́ òjé lé ojú wáyà, mo sì sọ fún un pé kó padà wá ní ọ̀sán ọjọ́ kejì.

Nígbà tó dé, Bàbá Alájì wà lórí àga oníbàárà, a ń sọ̀rọ̀ nípa òtútù. Mo fẹ́ fi hàn wọ́n pé iṣẹ́ mi pé. Mo ti ta wáyà bàbà kan láti orí ìsọ̀ mi lọ sórí igi máńgòrò tó wà lẹ́yìn ọjà, nítorí ìyẹn ló ń jẹ́ kí àwọn ilé iṣẹ́ rédíò ọ̀nà jíjìn wọlé. Mo so rédíò rẹ̀ mọ́ wáyà náà, mo yí bọ́tìnnì díẹ̀díẹ̀ títí mo fi bá èdè Lárúbáwá pàdé. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní ohùn ilé òun nìyẹn. Kò tíì sọ ọ̀rọ̀ náà tán tí ẹ̀rín fi kúrò lójú rẹ̀. Ó na ọwọ́ sókè pé kí a dákẹ́. Bàbá Alájì, tó kọ́ Lárúbáwá nílé kéwú, gbọ́ ọ̀rọ̀ kan tó mọ̀, ó sì sọ ọ́ sí mi létí: búrẹ́dì.

Obìnrin náà wá ibi jókòó. Ó ní, “Wọ́n dárúkọ ìlú mi.”

Ó wá ṣàlàyé fún wa. Ìjọba wọn ló ṣàdédé sọ owó búrẹ́dì di ìlọ́po méjì, àti ti ọkà tí wọ́n fi ń se oúnjẹ wọn. Ní gúúsù, ní àwọn ìlú tí igi dàbínù wà, níbi tí òjò kì í ti í rọ̀ dáadáa, àwọn ènìyàn ti jáde sí ìgboro. Ìjọba ti kó ṣọ́jà síta, ìbọn sì ti ń dún. Ìyá rẹ̀ tó jẹ́ opó àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin tó jẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà ń gbé nínú ọ̀kan nínú àwọn ìlú wọ̀nyí. Mo bi í bóyá àbúrò náà jẹ́ ẹni tó lè jókòó sílé. Ó ní rárá.

Láti ọjọ́ yẹn, ohun kan náà ló ń ṣe lójoojúmọ́. Láàárọ̀ yóò kó ìwé rẹ̀ dání, yóò lọ sí lísè. Lẹ́yìn iṣẹ́ yóò lọ sí pósìtì, yóò ní kí wọ́n bá òun pe ilé. Òṣìṣẹ́ tó wà nídìí tẹlifóònù yóò pe Kútọnu, Kútọnu yóò pe Parisi, Parisi yóò ní ọ̀nà kò sí. Ó tẹ wáyà sílé lẹ́ẹ̀mejì, kò sí èsì. Nígbà tí oòrùn bá ti rọlẹ̀ díẹ̀, yóò wá sí ìsọ̀ mi, nítorí rédíò náà kò gbọ́ràn dáadáa nínú ilé rẹ̀ bó ṣe ń gbọ́ràn lórí wáyà mi. Mo sọ fún un pé kó fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi.

Ọ̀gá lísè, tó jẹ́ oníbàárà mi, sọ fún mi lẹ́yìn náà pé òun ti ní kí Màdámù sinmi fún ọ̀sẹ̀ kan, pé kò sí ẹni tí yóò bá a wí. Ó dúpẹ́, ó sì bèèrè ẹni tí yóò kọ́ àwọn ọmọ tó ń múra ìdánwò. Obìnrin náà sì mú ẹfun rẹ̀, ó padà sí kíláàsì.

Kò pẹ́ tí àwọn ènìyàn fi bẹ̀rẹ̀ sí í kó jọ. Àwọn alábàárù á sọ ẹrù kalẹ̀. Àwọn aláṣọ á fi ọmọ sídìí ọjà. Màdámù á gbọ́ Lárúbáwá, á sọ ọ́ ní Faransé, èmi á sọ ọ́ di Yorùbá, Bàbá Alájì á sọ ọ́ di Dendi. Báyìí ni ọ̀rọ̀ búrẹ́dì Tùnísíà ṣe ń rìn láti ẹnu dé ẹnu títí dé ibi tí wọ́n ti ń ta iṣu. A gbọ́ pé ó ti kúrò ní gúúsù, ó ti dé olú-ìlú wọn. A gbọ́ pé wọ́n ti ilé ìwé pa, pé àwọn ọ̀dọ́ ń dáná sun táyà ní ìkóríta, pé ìjọba ti ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ rìn níta bí ilẹ̀ bá ti ṣú. A gbọ́ pé àwọn kan ti kú, ṣùgbọ́n iye tí rédíò kan sọ kì í bá ti èkejì mu.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni bó ṣe ń ròyìn. Bí rédíò ìjọba wọn bá pe àwọn tó jáde ní jàǹdùkú, á sọ fún wa pé jàǹdùkú ni wọ́n pè wọ́n. Bí àwọn ọ̀dọ́ bá fọ́ ṣọ́ọ̀bù ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀, á sọ ìyẹn náà. Alábàárù kan bi í lọ́jọ́ kan pé ṣé àwọn ènìyàn rẹ̀ kò ṣe ohun tí kò dára ni. Ó ní wọ́n ṣe é, ó sì dun òun. Èmi tí mo jókòó síbẹ̀ mọ̀ pé bó bá jẹ́ àbúrò tèmi ló wà láàárín wọn, mi ò ní lè dáhùn bẹ́ẹ̀.

Ìyàwó mi tí kò fẹ́ràn rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ wọ ilé rẹ̀. Ó gún iyán, ó bù ú sínú àwo pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹ̀pà, ó sì gbé e kọjá títì lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé. Nígbà tó padà, ó sọ fún mi pé òun bá a níbi tó ti ń máàkì ìwé àwọn ọmọ, omijé sì ti ta sórí ìwé ọ̀kan, yíǹkì ti ṣàn. Ó mú abala ìwé mìíràn, ó sì jókòó da gbogbo iṣẹ́ ọmọ náà kọ láti òkè dé ìsàlẹ̀, pẹ̀lú àṣìṣe inú rẹ̀, kí ọmọ náà má baà rò pé ẹnì kan ba ìwé òun jẹ́. Ìyàwó mi ní òun dúró títí ó fi kọ ọ́ tán, òun sì ní kó jẹ iyán kó tó tutù. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá sọ pé Màdámù, á ní kí n sọ pé àbúrò òun.

Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ kan, a wà nídìí rédíò nígbà tí ohùn arúgbó kan jáde. Màdámù ní ààrẹ àwọn nìyẹn, òun fúnra rẹ̀. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò gùn. Ó ní kí gbogbo nǹkan padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, owó búrẹ́dì àti ti ọkà. A gbọ́ ariwo ayọ̀ nínú rédíò náà. Bàbá Alájì ní alihamudulilahi. Àwọn alábàárù ń pàtẹ́wọ́, ẹnì kan sì ń bi ẹnì kejì pé ṣé báyìí náà ni ọ̀rọ̀ ṣe ń yí padà, pé kí mẹ̀kúnnù sọ pé rárá kí ìjọba sì gbọ́. Màdámù kò pàtẹ́wọ́. Ó bẹ̀ mí pé kí n má pa rédíò náà. Ó rò pé wọ́n lè ka orúkọ àwọn tó kú. Wọ́n fi orin sí i, a sì gbọ́ orin náà tán, wọn kò ka orúkọ kankan.

Ọjọ́ kejì ni délégé wá. Ẹ̀rù bà mí nígbà tí mo rí i, nítorí mo mọ̀ pé a kò gbàṣẹ kí a tó máa kó jọ. Ṣùgbọ́n inú rẹ̀ dùn. Ó ní àwọn tó wà lókè ti gbọ́, wọ́n sì rí i pé ọ̀rọ̀ náà dára: mẹ̀kúnnù ilẹ̀ kan dìde sí àwọn olówó tó ń jẹ wọ́n run, wọ́n sì borí. Ìpàdé yóò wà ní pápá ilé ìwé Banikanni láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú. Kamarádì olùkọ́ yóò sọ̀rọ̀. Èmi ni yóò gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn wá, ìyàwó mi tó gbọ́ Faransé dáadáa ni yóò sì máa sọ ọ́ ní Yorùbá, akọ̀wé rẹ̀ yóò máa sọ ọ́ ní Bàrìbá àti Dendi. Ó ti kọ ohun tí olùkọ́ náà yóò kà sínú ìwé. Abala méjì ni, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ dáadáa, bí olùkọ́ àtijọ́.

Mo mú ìwé náà lọ fún Màdámù. Ó kà á níwájú mi. Ó bi mí bóyá òun lè kọ̀. Mo sọ òótọ́ fún un, pé àlejò ni, pé bó bá kọ̀, wọ́n lè dá a padà sílé, wọ́n sì lè má dá a padà. Ó ká ìwé náà sí méjì, ó sì fi í sínú àpò. Mo rò pé ó gbà nìyẹn.

Ní ọjọ́ Àìkú náà, ọyẹ́ ṣì ń fẹ́, àwọn ènìyàn da aṣọ bo ara. Pápá náà kún. Àwọn ọmọ lísè wà níwájú, àwọn ará ọjà wà lẹ́yìn wọn, Bàbá Alájì jókòó lórí àga tí wọ́n gbé fún un. Mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pèpéle níbi tí mo ti ń ṣọ́ ẹ̀rọ mi. Délégé kí gbogbo ènìyàn ní ìkíni ìjọba, a dáhùn bó ṣe yẹ kí a dáhùn, ó sì pe olùkọ́ náà.

Ó bọ́ síwájú, ó tú ìwé náà. Ó ka ìlà àkọ́kọ́, ìyàwó mi sọ ọ́ ní Yorùbá, akọ̀wé sọ ọ́ ní Bàrìbá àti Dendi. Ó ka èkejì, wọ́n tún sọ ọ́. Lẹ́yìn náà ó ká ìwé náà padà, ó sì wo àwọn ènìyàn.

Ó ní, “Ẹni tó kọ ìwé yìí fẹ́ bu ọlá fún àwọn ará ìlú mi, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò lè kà á tán. Wọ́n kọ síbẹ̀ pé a ṣẹ́gun, èmi kò sì tíì mọ̀ bóyá ìyá mi àti àbúrò mi wà láàyè.”

Akọ̀wé délégé wo délégé, ó sì pa ẹnu mọ́. Ìyàwó mi kò wo ẹnikẹ́ni. Ó sọ ọ̀rọ̀ náà ní Yorùbá, bó ṣe wà gẹ́lẹ́.

Màdámù ń bá ọ̀rọ̀ lọ. Ó ní kò sí ẹgbẹ́ tó kọ́ àwọn ènìyàn ìlú òun kí wọ́n tó jáde. Wọn kò ka ìwé kankan. Wọ́n lọ ra búrẹ́dì láàárọ̀, wọn kò lè rà á, wọ́n sì sọ pé èyí kò tọ́. Ìjọba yìnbọn, wọ́n sì tún jáde lọ́jọ́ kejì, wọ́n ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà. Àwọn míì nínú wọn ṣe ohun tí kò dára, òun kò sì ní fi pamọ́. Ṣùgbọ́n àwọn tó pọ̀ jù kò mú ohunkóhun lọ́wọ́. Gbogbo rẹ̀ ni ìyàwó mi ń sọ tẹ̀lé e.

Délégé yí ojú sí mi. Ó fi ìka rẹ̀ ṣe bí ẹni tó ń yí bọ́tìnnì. Mo mọ ohun tó ń sọ: kí n pa á. Ọwọ́ mi ti wà lórí ẹ̀rọ náà. Mo fẹ́ sọ pé ìgboyà ló mú mi tí mi ò fi pa á, ṣùgbọ́n irọ́ ni yóò jẹ́. Ọ̀rọ̀ ni mò ń gbọ́. Mo fẹ́ gbọ́ ibi tí yóò parí sí, bí ẹni tó ń gbọ́ ìtàn, mo sì gbàgbé pé ọwọ́ mi ni ó wà.

Ibi tó parí sí ni èyí. Ó ní, “Rédíò kò ka orúkọ àwọn tó kú. Èmi náà kò mọ orúkọ wọn. Mo bẹ̀ yín, ẹ bá mi dúró díẹ̀ fún wọn.”

Nígbà tí ìyàwó mi sọ ọ́ tán, Bàbá Alájì ló kọ́kọ́ dìde. Ó fi ọwọ́ lé ọ̀pá rẹ̀, ó nà dúró, àwọn ará ọjà dìde tẹ̀lé e, àwọn ọmọ lísè náà dìde. A dákẹ́. Lẹ́yìn náà, bóyá nítorí pé àgbà kò lè dúró fún òkú kó má gbàdúrà, Bàbá Alájì la ọwọ́ méjèèjì, ó sì bẹ̀rẹ̀ àdúrà fún àwọn òkú ní Lárúbáwá. Ìtòsí gbohùngbohùn ló wà, ohùn rẹ̀ sì jáde láti inú ẹ̀rọ mi lọ bo gbogbo pápá. Àwa Kìrìsìtẹ́nì náà tẹrí ba. Nígbà tó ní àmín, gbogbo wa ní àmín. Délégé pàápàá ṣí fìlà rẹ̀, ó dé e padà kíákíá, ó sì ní ìpàdé ti parí.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, wọ́n ti ìsọ̀ mi pa. Wọ́n gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn mi lọ. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ búrẹ́dì ni wọ́n fi kàn mí. Wọ́n ní mo jẹ́ kí àdúrà gba inú gbohùngbohùn kọjá níbi ìpàdé ìjọba tí kò yẹ kí ẹ̀sìn wọ̀. Òwúrọ̀ mẹ́ta ni wọ́n mú èmi àti ìyàwó mi jókòó lórí bẹ́ǹṣì, wọ́n fún wa ní ìwé àti gègé pé kí a kọ ẹ̀bi wa sílẹ̀. Èmi kọ tèmi. Mo kọ pé ẹ̀rọ náà há, ọwọ́ mi kò sì yá tó. Ìyàwó mi ni wọ́n fẹ́ kó kọ ọ́ pé òun kò gbọ́ Faransé náà dáadáa, pé òun ṣì í sọ. Kò kọ ọ́. Ohun tó kọ kò ju ìlà kan lọ: “Ohun tó sọ ni mo sọ.” Ní òwúrọ̀ kẹta, ó kọ ìlà náà lẹ́ẹ̀kan sí i, ó fi gègé lé orí tábìlì, ó sì sọ fún wọn pé òun ní aṣọ ìgbéyàwó láti rán. Wọ́n jẹ́ ká lọ.

Mo wo obìnrin tí mo ti fẹ́ fún ọdún mẹ́jọ, mo sì rí i pé ó ku ohun tí mi ò tíì mọ̀ nípa rẹ̀.

Màdámù ni wọ́n pè lọ sọ́dọ̀ àwọn aláṣẹ àgbègbè. Wọ́n fẹ́ dá a padà sí Kútọnu kí wọ́n ti ibẹ̀ dá a padà sílé. Ọ̀gá lísè ló lọ bẹ̀ wọ́n. Kò bá wọn jiyàn nípa ìpàdé. Ó kàn bi wọ́n pé ta ni yóò kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò títí ìdánwò, ó sì jókòó títí wọ́n fi mọ̀ pé kò sí. Wọ́n fi í sílẹ̀, wọ́n ní kò gbọdọ̀ bá ènìyàn sọ̀rọ̀ mọ́ níbikíbi ní ìta, àfi nínú kíláàsì. Ó pa òfin náà mọ́. Ó ń kọjá níwájú ìsọ̀ mi tí wọ́n tì pa, ó ń kí Bàbá Alájì, kò sì ní sọ ju ìkíni lọ. Ṣùgbọ́n a wà ní òdìkejì títì, inú ilé wa kì í sì í ṣe ìta. Ibẹ̀ ló ti ń jẹun lọ́jọ́ púpọ̀, ibẹ̀ ló ti kọ́ ọmọbìnrin wa àgbà ní bí wọ́n ṣe ń pín nǹkan sí ìdá mẹ́ta, pẹ̀lú ọsàn.

Wọ́n ṣí ìsọ̀ mi lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Gbohùngbohùn mi kò padà.

Àwọn òjò àkọ́rọ̀ ti ń bọ̀ nígbà tí lẹ́tà dé. Màdámù mú un wá sílé wa láì tíì ṣí i. Ó ní òun kò fẹ́ dá nìkan ṣí i. Ìyàwó mi jókòó tì í. Ìyá rẹ̀ kò mọ̀wé, aládùúgbò kan ni ó bá a kọ ọ́. Àbúrò rẹ̀ wà láàyè. Wọ́n ti lù ú, wọ́n ti ṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ó sì ti wà lẹ́wọ̀n fún ìgbà díẹ̀ kí wọ́n tó dá a sílẹ̀ pẹ̀lú àwọn míì. Ìyá náà kò fi ohun tí òun fúnra rẹ̀ ṣe pamọ́. Ní ọjọ́ kejì tí àwọn ènìyàn jáde, ó lọ wá ọmọ rẹ̀ lójú títì. Kò rí i. Àwọn obìnrin àdúgbò rẹ̀ ló rí, wọ́n tò lọ bẹẹrẹ, ọ̀kan nínú wọn sì na ọwọ́ sí i. Ó ní ẹsẹ̀ òun kò gbà láti padà sílé, ó bá wọn rìn títí dé iwájú àwọn ṣọ́jà. Ó ní ẹ̀rù ba òun gan-an, ó sì ní kí ọmọ òun má sọ fún àwọn àbúrò baba rẹ̀.

Màdámù ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ẹkún, ìyàwó mi sì fà á mọ́ra. Mo bọ́ síta kí n má baà máa wò wọ́n.

Ọdún kan sí i ló lò pẹ̀lú wa. Àwọn ọmọ tó kọ́ ṣe dáadáa nínú ìdánwò wọn. Ọ̀kan nínú wọn ni ọmọbìnrin délégé, ọmọ tó jẹ́ pé ìṣirò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mú kó fi ilé ìwé sílẹ̀. Mi ò mọ ohun tí wọ́n bá ara wọn sọ, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí Màdámù ń lọ, tí a sìn ín dé ibùdókọ̀ ojú irin, tí àwọn ọmọ lísè ń jà lórí ẹni tí yóò gbé ẹrù rẹ̀, délégé wá. Kò wọ aṣọ ìpàdé. Ó dúró sẹ́yìn díẹ̀, ó sì jẹ́ pé òun ló gba àpótí ńlá náà lọ́wọ́ mi nígbà tí mi ò lè gbé e gba ojú fèrèsé. Ó tì í wọlé, ó ní kí olùkọ́ náà dé ilé láyọ̀, kò sì pè é ní kamarádì. Ó pè é ní Màdámù bíi tiwa.

Wọ́n ti bi mí rí nípa àwọn ọdún yẹn, àwọn ọmọ mi pàápàá, pé ta ni mo rí tó láyà. Wọ́n máa ń retí pé kí n sọ̀rọ̀ nípa pápá ilé ìwé. Ó dára, mo rí Màdámù níbẹ̀, mo sì rí ìyá wọn náà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí mo máa ń sọ fún wọn ni ti òwúrọ̀ tó tẹ̀lé ọjọ́ tí Màdámù gbọ́ orúkọ ìlú rẹ̀ nínú rédíò. Mo ń fọ ẹnu lẹ́nu ọ̀nà. Mo rí i tó jáde, ojú rẹ̀ pọ́n, ó ti ilẹ̀kùn, ó dì mọ́ àwọn ìwé rẹ̀ nítorí afẹ́fẹ́, ó kí mi káàárọ̀ ní Yorùbá tí ìyàwó mi ò tíì bá a tún ṣe nígbà náà, ó sì rìn lọ sí lísè kó má baà pẹ́.

Ó kọ lẹ́tà sí wa lẹ́yìn tó padà délé. Ọwọ́ àbúrò rẹ̀ kò nà dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n ó ti padà sídìí pákó, ó ń ṣe ilẹ̀kùn. Màdámù ti fi àwòrán tí a jọ yà kó tó lọ han ìyá rẹ̀. Ìyá náà ní kó bi wá pé ta ló rán aṣọ tí ìyàwó mi wọ̀, pé iṣẹ́ ọwọ́ náà mọ́.